Ilé Àwòṣífìlà Tí Kò Ráyálégbé: Ojú Ìwòran Ló Bọ́ Ọ!

Ẹni tó bá ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó yáwó lé e, tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, tó wá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta péré lèèyàn gbà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, onítọ̀hún nìkan ló lè mọ irú oorun tí John Jakob Raskob ń sùn lọ́dún 1931. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ṣì nìyẹn o. Ti Raskob kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Ilé alájà 102 ni, ó dúró gbọnin sáàárín ìlú New York ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ilé tó ga tó o ní gbogbo ayé nígbà náà. Empire State Building lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ẹlẹ́yà ìlú sì yí orúkọ náà po, wọ́n ní Empty State Building ni, ìyẹn ni pé ilé òfìfo!

Ohun tó kó ilé náà yọ lọ́dún yẹn kì í ṣe báńkì, kì í ṣe ìjọba. Ojú ni. Ojú àwọn èèyàn tó kàn fẹ́ gòkè lọ wo ìlú, tí wọ́n san dọ́là kan kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wò ó tán, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò gbé ohunkóhun dání lọ sílé. Ọjà tí wọ́n rà kò sì dín kù nínú igbá ẹni tó tà á fún wọn. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lẹ mọ òwò, ẹ sọ irú ọjà tó tún dáa ju ìyẹn lọ.

ỌMỌ ỌJÀ ẸJA

Èèyàn méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Raskob lolówó. Ilé-iṣẹ́ DuPont àti General Motors tó ń ṣe mọ́tò ló ti rí towó ṣe. Èkejì rẹ̀ ni Alfred Smith, tí tọmọdé tàgbà New York ń pè ní Al Smith. Ìtàn ti Al Smith yìí dùn gan-an ni.

Ọdún 1873 ni wọ́n bí i, sí àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù lẹ́bàá odò East River. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bó ṣe dágbére fún ilé-ìwé nìyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè rí jẹ. Nígbà tó yá, ọjà ẹja Fulton ló bọ́ sí. Ẹni tó bá mọ ọjà ẹja mọ̀ pé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í dúró de kí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí Smith wá di èèyàn ńlá tán, tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń ka oyè yunifásítì tí wọ́n gbà sí ara wọn létí, òun náà a ní òun gboyè o, F.F.M. loyè tòun, ìyẹn ọjà ẹja Fulton!

Ọmọ ọjà ẹja yìí ló di gómìnà ìpínlẹ̀ New York lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́dún 1928 ó du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, Raskob ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Herbert Hoover fìyà ìbò jẹ wọ́n. Nígbà tí ariwo ìbò lọ sílẹ̀, tí Smith jókòó sílé láìníṣẹ́ gidi lọ́wọ́, Raskob ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó wá ṣe olórí ilé-iṣẹ́ tí yóò kọ́ ilé gogoro kan. Oṣù kẹjọ ọdún 1929 ni Smith kéde rẹ̀ fáwọn oníròyìn. Ilé ìtura ńlá kan, Waldorf-Astoria, ló wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó o palẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Raskob mú pẹ́ńsù kan, ó gbé e dúró ṣánṣán lórí tábìlì níwájú William Lamb tó ya àwòrán ilé náà, ó ní: báwo lo ṣe lè gbé e ga tó, tí kò fi ní wó? Ẹ má rò pé nítorí àyè tó há nìkan ni. Walter Chrysler, olówó mọ́tò míì, ló ń kọ́ ilé tirẹ̀ lọ́wọ́ ní ìlú kan náà. Chrysler yìí tiẹ̀ gbọ́n féfé: ó ní kí wọ́n to òpó irin ṣóńṣó kan sínú ilé ní kọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, àfi bí wọ́n ṣe yọ ọ́ sókè lójijì lọ́jọ́ kan, tí ilé náà sì ga ju ti gbogbo àwọn tó ń bá a díje. Raskob ní kò burú. Ó ní kí wọ́n fi adé lé orí tòun náà, kó ga sí i. Ó ní adé yẹn ni ọkọ̀ òfurufú Zeppelin, àwọn tó gùn gbọọrọ tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kún inú wọn, yóò máa so mọ́ bí ìgbà tí wọ́n so ẹṣin mọ́ èèkàn, tí àwọn èrò yóò máa ti ojú sánmà sọ̀ kalẹ̀ sínú ilé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ adé yìí sọ́kàn. Ó ṣì ń bọ̀.

ÀWỌN TÓ FỌWỌ́ KỌ́ Ọ

Ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 1930 ni iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ọdún 1931 ni wọ́n ṣílé. Kò tó oṣù mẹ́rìnlá! Bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì wà tó ti ń kọ́ ilé yàrá mẹ́rin bọ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí ọmọ ọ̀hún ti wá fẹ́yàwó báyìí, tí òrùlé kò tíì dé orí rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pọ̀ jù tó 3,400. Ẹ̀yin wẹ́dà àti ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n jó irin mọ́ irin bíi tòde òní. Ìṣó irin gbàǹgbà ni wọ́n fi ń kàn wọ́n pọ̀, ẹni mẹ́rin ló sì ń bára wọn ṣe é. Ẹni kìíní wà nídìí iná èédú, yóò ki ìṣó bọ iná títí tí yóò fi pupa yòò. Yóò fi ẹ̀mú mú un, yóò sọ ọ́ sókè gba inú afẹ́fẹ́ lọ bá ẹni kejì tó dúró lórí irin tóóró. Ẹni kejì kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju agolo lọ. Inú agolo yẹn ló gbọ́dọ̀ fi gba ìṣó gbígbóná náà, gbàgà! Á yọ ọ́, á kì í bọ ihò. Ẹni kẹta á fi irin wúwo tì í lẹ́yìn, ẹni kẹrin á gbé òòlù tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ dé e, á lù ú pa títí orí rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹlẹbẹ. Kí ìṣó tó tutù ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí. Bí agolo bá tàsé ńkọ́? Òpópónà wà nísàlẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kọjá.

Báyìí ni ilé fi ń ga sí i ní àjà mẹ́rin àbọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Mohawk láti Kahnawake ní Kánádà wà lára àwọn tó ń rìn lórí irin wọ̀nyí bí ẹni rìn nínú àgbàlá. Àwọn ọmọ Ireland wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ítálì náà sì wà. Bíríkì mílíọ̀nù 10 ni àwọn bíríkìlà tò. Wọn kì í fi kẹ̀kẹ́ alágbàrù tì í láti ìta. Ihò kan ni wọ́n ń da bíríkì sí, tí yóò yọ́ lọ sínú àgbá ńlá nísàlẹ̀ ilé, ibẹ̀ ni ọmọlanke orí irin yóò ti gbà á, tí ẹ̀rọ yóò fi gbé e lọ bá ẹni tó ń tò ó. Kò sí ẹni tó ń rù ú lórí gun àkàbà.

Oúnjẹ ńkọ́? Èyí gan-an ló máa dùn mọ́ àwọn olóúnjẹ nínú. Bí 3,400 èèyàn bá ní kí àwọn sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun lọ́sàn-án, kí wọ́n tó padà gòkè, ọjọ́ ti lọ. Ni wọ́n bá ṣí búkà sí orí àjà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán! Bí ilé ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni búkà ń tẹ̀ lé e lọ sókè. Ẹni tó bá gbọ́n nídìí òwò, ibi tí ebi bá wà ló ń gbé igbá rẹ̀ lọ.

Ayàwòrán kan, Lewis Hine, tó ti lé ní 50 ọdún, bá wọn gòkè. Nígbà míì wọ́n á gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á tì í síta kó lè ya àwọn òṣìṣẹ́ náà láti ọ̀ọ́kán. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Márùn-ún ni ìwé àwọn tó kọ́ ilé sọ pé ó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà.

ILÉ PARÍ, OWÓ TI TÁN NÍLÙÚ

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n ń kọ́ ọ? Oṣù kẹwàá ọdún 1929, kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ rárá, ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ ní Wall Street ti dojú dé. Olówó àná di aláìní. Lọ́dún 1930, àwọn ọkùnrin tó de táì mọ́rùn, tí wọ́n ti jókòó nínú ọ́fíìsì rí, wá ń ta èso ápù lẹ́bàá títì New York, ẹyọ kan sẹ́ǹtì 5. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Raskob àti Smith ti ń wá ẹni tí yóò gba ọ́fíìsì lórí àjà 60, àjà 70!

Ọjọ́ ìṣílé dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ààrẹ Hoover, ẹni tó na Smith nínú ìbò, ló jókòó ní Washington tó tẹ bọ́tìnnì pé kí iná ilé náà tàn. Àwọn ọmọ-ọmọ Smith ló gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, yàrá ń pe yàrá, kò sí ẹni tó dáhùn. Nínú ọ́fíìsì mẹ́rin, bóyá ni ọ̀kan fi ní ayálégbé. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn onílé a máa tan iná sínú àwọn àjà tó ṣófo lálẹ́, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè rò pé èèyàn ń bẹ níbẹ̀. Òwò le, àbùkù sì tún le ju òwò lọ.

Ibi tí ojú ti gbà wọ́n nìyí. Lórí àjà 86, wọ́n ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa kan yí ilé ká, ní ìta gbangba, tí èèyàn lè dúró sí kó máa wo ìlú sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dọ́là kan ni owó ìwọlé. Dọ́là kan ìgbà náà kì í ṣe owó kékeré o. Búrẹ́dì odindi kò tó sẹ́ǹtì 10. Síbẹ̀ àwọn èèyàn tò, wọ́n ń wọ́ lọ. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ, ẹni tó níṣẹ́ lọ, ará oko tó wá kí ẹbí lọ. Ní ọdún kìíní yẹn, owó ìwòran nìkan tó bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là. Ẹ gbọ́ ná: iye tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ gbogbo ayálégbé inú ilé náà lódindi ọdún kan náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ń pa owó tó tó ti gbogbo yàrá.

Kí ló dé tí ẹni tí ebi ń pa fi lè san dọ́là kan láti wo ìlú tó ń rìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tí kò bá tíì gun ibi gíga rí lè pè é ní àṣejù. Nísàlẹ̀, ohun tí èèyàn ń rí nínú ìlú kò ju ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lọ, àti gbèsè, àti lanlọ́ọ̀dù. Lókè, ìlú di nǹkan kan ṣoṣo tó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Èèyàn á rí ibi tó ti ń bọ̀, á rí títì tó ń rìn lọ síbi iṣẹ́, á nà án síra wọn pé: ilé wa ló wà lọ́hùn-ún yẹn, àbí ẹ ò rí i?

Smith mọ bí wọ́n ṣe ń polówó, ọmọ ọjà ṣáà ni. Bí àlejò pàtàkì kan bá wọ̀lú, yóò mú un gòkè, àwọn ayàwòrán á yà wọ́n, ìwé ìròyìn á gbé e. Lọ́dún 1932, obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ náà gun òkè ọ̀hún, Helen Keller. Láti kékeré ni Helen Keller ti fọ́jú, tó sì di adití. Kí ni afọ́jú ń wá níbi ìwòran? Ọ̀mọ̀wé kan, John Finley, kọ̀wé bi í ní ìbéèrè yìí gan-an pé kí ló rí. Obìnrin náà fèsì, lẹ́tà gígùn. Ó jẹ́wọ́ pé àwọn tó bá òun lọ ló jẹ́ ojú fún òun, ṣùgbọ́n ojú inú òun náà kò sùn, ó sì ṣàpèjúwe odò àti ilé àti ìlú bí ẹni pé ó fi ojú méjèèjì wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ tó lójú ló ti gòkè, tí wọn ò rí tó bẹ́ẹ̀.

Adé orí ilé tí Raskob fẹ́ fi so ọkọ̀ òfurufú ńkọ́? Asán ló já sí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1931, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan gbìyànjú rẹ̀. Atẹ́gùn òkè yẹn kì í ṣe atẹ́gùn àwàdà. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi so mọ́ ọn, ló bá gbéra lọ. Wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ Zeppelin. Yàrá kékeré tó wà nínú adé náà, lórí àjà 102, di ibi ìwòran kejì. Orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń to irin rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n sí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń GÒKÈ LÓNÌÍ

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní New York, tó bá lọ kí wọn, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi mú un débẹ̀. Kó mọ bó ṣe rí kó tó lọ.

Láti Títì 34 ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n á yẹ àpò wò, wọ́n á yẹ ara wò, bí ìgbà téèyàn fẹ́ wọ bàlúù. Owó ti kúrò ní dọ́là kan. Ó lé ní 40 dọ́là báyìí fún àgbàlagbà, àjà 102 sì tún ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí ìyẹn. Lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kí èèyàn dúró kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kí onítọ̀hún tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti fọ fọ́tò náà, wọ́n ti lẹ àwòrán ilé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, owó gọbọi ni wọ́n sì ń bù lé e. Kò pọn dandan kí èèyàn rà á. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, kí ẹ máa lọ.

Lífíìtì tó gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ dé àjà 80 kì í lò tó ìṣẹ́jú kan. Etí á dí pọ́ńkán, á tún ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wọ òmíràn dé àjà 86. Ilẹ̀kùn á ṣí, afẹ́fẹ́ á gbá èèyàn lójú. Ìyá tó bá wé gèlè kó yáa so ó dáadáa!

Ibi tí èèyàn dúró sí yìí ga tó 1,050 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó bá mọ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kó fojú inú gbé mẹ́ta rẹ̀ lé ara wọn lórí. Ibẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé yẹn, orí ilé sì tún ṣì wà lókè rẹ̀. Bí èèyàn bá wo àríwá, yóò rí Central Park, igbó ìgbafẹ́ tí wọ́n dá sáàárín ìlú, tó tẹ́ bí aṣọ àdìrẹ láàárín òkúta. Ìlà-oòrùn ni ilé Chrysler wà, òun náà ṣì ń dán, odò East River sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni odò Hudson àti ìpínlẹ̀ New Jersey. Gúúsù ni òkun, àti ère obìnrin tó gbé iná lọ́wọ́, tó wá kéré bí ọmọlangidi. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ojú a máa ríran tó máìlì 80, dé Connecticut, dé Pennsylvania. Nísàlẹ̀, àwọn takisí onípupa-rúsúrúsú fọ́n káàkiri bí àgbàdo tó dà sí ilẹ̀. Ariwo wọn kì í fẹ́ẹ̀ dókè. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ibẹ̀ dákẹ́.

Awò orí òpó wà níbẹ̀ tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ tòsí. Ìgbà òtútù, àwọn kan ti rí yìnyín tó ń rọ̀ lọ sókè dípò ìsàlẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba ara ilé gòkè. Irọ́ kọ́. Àrá náà a máa sán lu orí ilé yìí nígbà tó lé ní 20 lọ́dún kan, kì í ṣe é ní nǹkan kan, irin tó wà lórí rẹ̀ ló ń gbà á wọlẹ̀. Wọ́n á kúkú ti kó èrò wọlé kó tó dé.

Ìmọ̀ràn kan ni pé kí ẹ wo ojú sánmà kí ẹ tó sanwó. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bo ìlú, ohun tí èèyàn ń rí lókè kò ju ohun tí adìyẹ ń rí nínú agọ̀ lọ. Àárọ̀ kùtù ni èrò kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ló dùn jù, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí iná ilé kọ̀ọ̀kan ń tàn lẹ́yọ lẹ́yọ títí gbogbo ìlú yóò fi dà bí ìràwọ̀ tó bọ́ sílẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ BÀLÚÙ YA LU ILÉ

Ọ̀rọ̀ kùrukùru yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1945, kùrukùru bo New York. Bàlúù ológun B-25 kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ láti pápá òfurufú kìlọ̀ fún awakọ̀ náà pé láti ibi tóun wà, òun ò rí orí Empire State Building mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nǹkan bí aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, bàlúù náà ya lu ilé ní àjà 79.

Epo gbiná. Ẹ́ńjìnnì kan la ilé já, ó bọ́ sí òdìkejì. Èèyàn 14 ló kú: mẹ́ta tó wà nínú bàlúù, àti 11 nínú ilé, tí wọ́n jókòó sídìí iṣẹ́ wọn. Ká ní kì í ṣe Sátidé ni, iye náà ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin ẹni 20 ọdún kan tó ń wa lífíìtì fara jóná. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé e sínú lífíìtì míì kó lè tètè dé ilé ìwòsàn. Wọn ò mọ̀ pé ìjàǹbá náà ti ba okùn irin ibẹ̀ jẹ́. Okùn já. Lífíìtì já bọ́ láti àjà 75 dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀, òun nìkan nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò kú! Okùn irin tó ká jọ sísàlẹ̀ wà lára ohun tó gbà á sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ. Ilé náà kò wó. Nígbà tó di Mọ́ńdè, àwọn èèyàn ti ń wọ ọ́fíìsì wọn níbẹ̀.

Ibi gíga tún máa ń fa àwọn tí ayé sú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dá wọn dúró, ó ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1947 ni wọ́n wá ṣe ọgbà irin tó tẹ orí sínú yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà 86 ká. Síbẹ̀, lọ́dún 1979, obìnrin kan rí ọ̀nà gbà á kọjá lálẹ́, ó sì fò. Afẹ́fẹ́ tó ń jà níbẹ̀ gbé e padà, ó jù ú sórí etí ògiri tóóró ní àjà 85, nísàlẹ̀ ibi tó ti fò. Ìbàdí rẹ̀ ló dá. Wọ́n fà á wọlé láti ojú fèrèsé, láàyè. Ẹni tí Ọlọ́run bá ní kò tíì tó àkókò rẹ̀, òkè 86 kò tó o pa.

AKÓLÒLÒ PE BABA

Ilé òfìfo náà kò bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè gidi títí di nǹkan bí ọdún 1950. Raskob kú lọ́dún 1950 yẹn gan-an. Lọ́dún 1951 wọ́n ta ilé náà fún àwọn míì ní mílíọ̀nù 51 dọ́là, kò sì sí ilé kan tí wọ́n tíì tà lówó tó tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Pípẹ́ ló pẹ́, akólòlò pe baba.

Ìwòran kò dúró. Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gòkè lọ́dún 1957, Fidel Castro ti Cuba gòkè lọ́dún 1959. Ọdún 1970 ni àwọn ilé ìbejì World Trade Center kọ́kọ́ ga jù ú lọ. Àwọn náà ní ibi ìwòran tiwọn, lórí àjà 107 ilé ti gúúsù. Nígbà tí àwọn apániláyà fi bàlúù wó wọn ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, Empire State tún padà di èyí tó ga jù nílùú náà, ipò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, One World Trade Center tuntun kọjá rẹ̀.

Ọlọ́jà ìwòran ti wá pọ̀ lórí igbá báyìí. One World ṣí tirẹ̀ lọ́dún 2015, Edge lọ́dún 2020, Summit lọ́dún 2021, Rockefeller Center ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Òmíràn fi dígí ṣe ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ èèyàn lè máa gbọ̀n. Síbẹ̀, ilé àtijọ́ yìí ṣì ń pa owó tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan lórí ìwòran nìkan. Àwọn kan tiẹ̀ ń sáré gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́dọọdún láti ọdún 1978, ìgbésẹ̀ 1,576 dé àjà 86. Paul Crake láti Ọsirélíà fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú-àáyá 33 gùn ún lọ́dún 2003. Ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe lífíìtì.

Al Smith kò rí èrè náà. Ọdún 1944 ló kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní apá gúúsù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lónìí, tó wo ọwọ́ òsì díẹ̀, yóò rí afárá Brooklyn lórí omi. Wọ́n ń kọ́ afárá yẹn lọ́wọ́ nígbà tí Smith wà lọ́mọdé, abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọjà ẹja Fulton kò jìnnà síbẹ̀ nígbà náà; ọdún 2005 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lọ sí Bronx. Láti òkè àjà 86, gbogbo àdúgbò ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.